Ẹ má fi iná sínú àpò gàrí fún dẹ́rẹ́bà

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí máa bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn. Inú tó bá bíni máa ń rọ̀ tó bá yá, àmọ́ ara tí iná bá bó kì í rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì tó kọjá, àwa ìdílé bíi mẹ́rin kóra wa jọ, a gun Òkè Patti lọ ṣe fàájì. Ta ni kì í lọ? Ibẹ̀ lèèyàn ti ń dúró wo gbogbo ìlú, tí á sì máa wo ibi tí Odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. A háyà ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ wa ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, pé kó wá fi dróònù ya fọ́tò wa láti òkè. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa. Bátìrì mẹ́rin ló gbé wá. Láàárọ̀, ọ̀kan já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ sórí àpáta. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ikùn bátìrì yẹn ti yọ síta. Mo bi í pé, "Àbúrò, ṣé èyí dáa báyìí?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí wàhálà, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ọ̀rá dúdú kan, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti sukuduráfà, ó jù ú sẹ́yìn bọ́ọ̀sì tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tá a rà fún jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan.

A ti ń sọ̀ kalẹ̀, a ti dé ibi tí ọ̀nà ti ń ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́, ni ìyá kan bá ní, "Ta ló ń fi oògùn nu kútẹ̀ẹ̀sì nínú mọ́tò?" Òórùn kan ti gbòde, ó dùn, ó sì ta sí imú. Lẹ́yìn náà la gbọ́ tí nǹkan ń ṣe "ṣììì" lẹ́yìn. Kó tó di pé a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èéfín ti bo ìdajì bọ́ọ̀sì. Ọmọdé mọ́kànlá ló wà nínú mọ́tò yẹn. Dẹ́rẹ́bà tẹ búrèékì, ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn fi ọwọ́ lásán gbá ọ̀rá yẹn mú, ó jù ú síta sórí àpáta. Bó ṣe balẹ̀ ló gbiná. Ó ń bú, ó ń ta bíi bánńgà ọdún. Koríko ọyẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gbà á, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan ká tó rí i pa. Títí di òní, ìka mẹ́ta ni bàbá yẹn ò lè ká dáadáa lọ́wọ́ ọ̀tún. Télọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ojúewé yìí, kí la kọ sábẹ́ ẹ̀? "Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, ojú ti ọ̀tá." "Àwọn ayé ò ní rí wa gbé ṣe." Àmín rẹpẹtẹ. Èmi náà kọ Àmín. Ọpẹ́ tọ́ sí Ọlọ́run lóòótọ́, àmọ́ ọ̀tá wo ló fi bátìrì tó wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ epo bẹntiróòlù? Àwa la fi síbẹ̀. Ọmọ wa ló gbé e síbẹ̀, èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì ń wò ó. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń bá ṣeré. Bátìrì tí wọ́n ń pè ní LiPo, tó wà nínú ọ̀pọ̀ dróònù àti nínú mọ́tò àti bàálù ìṣeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí, kì í ṣe ẹgbẹ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Nínú ẹ̀, bébà irin tín-ín-rín méjì ni wọ́n tò léra wọn, tí ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan là wọ́n láàárín, tí omi kan tó máa ń gbiná sì rin gbogbo ẹ̀. Tí ọ̀rá fẹ́lẹ́ yẹn bá ya, yálà nítorí pé bátìrì já bọ́, tàbí wọ́n fún un mọ́lẹ̀, tàbí wọ́n ṣájì í jù, tàbí oòrùn pa á jù, apá méjèèjì á fara kanra. Ooru á bẹ̀rẹ̀. Ooru yẹn á tún bí ooru míì. Gáàsì á kún inú ẹ̀, á wú, á bẹ́, á gbiná. Kò nílò ìṣáná lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ lè rò pé ó ti kú, kó tún dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí irú ẹ̀ náà ló wà nínú fóònù?" Ìbátan ni wọ́n, mo gbà. Àmọ́ bátìrì fóònù ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣọ́ ọ, tó máa ń gé iná nígbà tó bá kún jù tàbí tó gbẹ jù, ara fóònù sì bò ó. Ọ̀pọ̀ bátìrì LiPo ìṣeré ò ní ẹ̀ṣọ́ kankan. Ọ̀rá ló wọ̀, kò sí àpótí líle lára ẹ̀, ẹnu wáyà ẹ̀ sì wà ní gbangba. Agbára tó sì lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pọ̀ ju ti fóònù lọ fíìfíì, torí pé òun ló ń gbé nǹkan fò lójú ọ̀run. Àwọn bátìrì dróònù tó jẹ́ olóye, bí èyí tí ilé iṣẹ́ DJI ń ṣe, máa ń dín iná ara wọn kù fúnra wọn, àmọ́ wọ́n máa ń lo ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó ṣe é. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣájì í tó kún, tẹ́ ẹ sì gbé e sínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, kò tíì dín nǹkan kan kù.

Wàyí o, ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Òkè Patti kéré sí èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ní gáréèjì lójoojúmọ́. Lọ́kọ́ja ò ní pápákọ̀ òfurufú tí èrò ń wọ̀. Ojú títì ni gbogbo nǹkan wa ń gbà, láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Àbújá. Ọmọ tó ń fi dróònù ya ìgbéyàwó níbí, Computer Village ní Ìkẹjà ni bátìrì ẹ̀ ti ń wá. Báwo ló ṣe ń wá? Wébíìlì. Àti pé báwo ni wọ́n ṣe ń dì í? Mo ti rí i lójú ara mi: bátìrì mẹ́fà tí wọ́n wé sínú aṣọ, tí wọ́n rì mọ́ àárín àpò gàrí. Wọ́n wá sọ fún dẹ́rẹ́bà pé, "Oúnjẹ ni, ẹ̀gbọ́n." Kí ló dé? "Tá a bá sọ fún un pé bátìrì ni, á fowó kún owó ẹrù, tàbí kó lóun ò gbé e."

Ohun tí mo pe àkọlé yìí sí nìyẹn. Ẹ gbé iná sínú àpò gàrí, ẹ fún èèyàn tí ò mọ̀, ó gbé e sábẹ́ àga tí èrò mẹ́rìnlá jókòó lé lórí, ó ki ẹrù míì mọ́ ọn lórí, ó sì fi gbogbo òru sáré. Tó bá bẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Okene lóru, ta ló máa mọ̀ pé àpò gàrí ló yẹ kóun kọ́kọ́ jù síta? Owó ẹrù tẹ́ ẹ sá fún, ṣé ó tó owó ẹ̀mí kan?

Àwa ará Lọ́kọ́ja ló yẹ kó kẹ́yìn nínú àwọn tó máa fi iná mọ́tò ṣeré. Ṣé a ti gbàgbé Felele ni? Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ epo kan ya bàrà lọ́nà yẹn, ó gbiná, ó sì pa èèyàn tó lé ní ogún, akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọdé wà lára wọn. Mi ò sọ pé bátìrì ló fa ìyẹn o, ọkọ̀ epo ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé a mọ bí iná ṣe ń ṣe fún ẹni tó há sínú mọ́tò. A sunkún rẹ̀. A sì sọ pé ká má rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní kóun má rí irú ẹ̀ mọ́, kò yẹ kó tún máa dọ́gbọ́n gbé iná sínú ẹrù ẹlòmíì.

Mo tún fẹ́ bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ fẹ́ràn wa, tẹ́ ẹ máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa bù kún yín. Àmọ́ ẹ yé fi bátìrì dróònù sínú báàgì tí ẹlòmíì máa já sí ìsàlẹ̀ bàálù. Bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ, ọwọ́ ni wọ́n ń gbé e wọ inú bàálù, lọ́dọ̀ ẹni tó ni í, níbi táwọn òṣìṣẹ́ ti lè rí èéfín ẹ̀ kí wọ́n sì tètè pa á. Wọ́n kà á léèwọ̀ nínú ẹrù ìsàlẹ̀. Èyí tí agbára ẹ̀ ò bá ju 100 Wh lọ, ẹ lè gbé e lọ́wọ́. Èyí tó bá ju 100 lọ títí dé 160, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kẹ́ ẹ tó gbé e, kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Èyí tó ju 160 lọ, ẹ fi sílé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣírò ẹ̀ rèé: ẹ fi fóltì sọ àmpíà rẹ̀ di púpọ̀. Bátìrì onífóltì 11.1 tí wọ́n kọ 2200 mAh sí lára, 11.1 lọ́nà 2.2, ìyẹn bíi 24 Wh. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Àmọ́ ti onífóltì 22.2 tí wọ́n kọ 5000 mAh sí, 111 Wh nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ. Èyí tó bá wú tàbí tó fara pa, ẹ má gbé e wọ bàálù rárá, kò sóhun tó ń jẹ́ ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rò pé àwọn òyìnbó kàn ń ṣe àṣejù ni, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, bàálù akẹ́rù UPS kan, Boeing 747, gbéra ní Dubai, ó ń lọ sí Cologne ní Jámánì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bátìrì lithium wà lára ẹrù ẹ̀. Iná sọ nínú ẹrù, èéfín bo ibi táwọn awakọ̀ jókòó sí débi pé wọn ò rí ohun tó wà níwájú wọn mọ́. Bàálù já, àwọn méjèèjì tó ń wà á kú. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ICAO, àjọ tó ń rí sí ìrìn bàálù lágbàáyé, fi òfin de kíkó irú bátìrì bẹ́ẹ̀ nìkan gẹ́gẹ́ bí ẹrù nínú bàálù tó gbé èrò. Nínú bàálù akẹ́rù, wọ́n ní iná tó wà nínú ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ wá wò ó: bàálù olówó ńlá, tó ní ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín, ń bẹ̀rù ohun tí àwa ń tì sábẹ́ àga bọ́ọ̀sì.

Mo mọ èsì táwọn kan máa fọ̀. Àkọ́kọ́: "A ti ń ṣe é láti ọdún márùn-ún, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀." Ọmọ tó gbé bátìrì wá sórí Òkè Patti náà sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìkejì: "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni." Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àwọn bàbá wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì bọ́ iná sílẹ̀. Ìkẹta, èyí tó dùn mí jù: "Kò sówó àpò tí iná ò lè jó." Ẹni tó ra dróònù, tó ń gba owó ńlá lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo èyí tí ò ná yín lówó.

Ẹ má tọ́jú bátìrì pẹ̀lú iná tó kún. Ìṣọ̀kan bátìrì kọ̀ọ̀kan máa ń kún tó bá dé fóltì 4.2. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ, ẹ dín in kù sí bíi 3.8. Ìyẹn ni pé bátìrì oníṣọ̀kan mẹ́ta, tó máa ń kún ní 12.6, ẹ fi í sí 11.4. Ọ̀pọ̀ ṣájà ló ní ibi tí wọ́n kọ "storage" sí, ẹ tẹ̀ ẹ́, á ṣe é fúnra ẹ̀. Iná tó wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn kéré, tí nǹkan bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀, ìbínú ẹ̀ máa dín kù. Ó tún máa ń jẹ́ kí bátìrì pẹ́, nítorí náà owó yín lẹ̀ ń tọ́jú.

Ẹ lọ ra ìkòkò amọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìkòkò amọ̀, irú èyí tí ìyá wa fi ń tutù omi, àmọ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ da yanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ to bátìrì sínú ẹ̀ kí wọ́n má fara kanra, ẹ gbé ọmọrí lé e, àmọ́ ẹ má dì í pa, kí gáàsì lè ríbi gbà jáde. Orí sìmẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ gbé e sí, níbi tí òòrùn ò dé, tó jìnnà sí kẹrosíìnì, sí gáàsì ìdáná àti sí aṣọ. Ẹ má gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí sẹ́nu ọ̀nà, torí ẹnu ọ̀nà lẹ máa gbà sá tí iná bá sọ. Ooru Lọ́kọ́ja yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mọ́tò tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ẹ̀ pa sínú oòrùn, ààrò ni. Ẹ má fi bátìrì sínú ẹ̀ rárá.

Ẹ má ṣájì í kẹ́ ẹ lọ sùn, ẹ má sì ṣájì í gbàrà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ṣájà rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ lò. Mo mọ̀ pé tí NEPA bá mú iná dé láago méjì òru, ojú máa ń kán wa, àmọ́ ẹ dúró tì í.

Èyí tó bá wú, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má tún ṣájì í mọ́. Ẹ gbé e síta, sínú yanrìn, jìnnà sílé. Ẹ má sọ ọ́ sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun, ẹ má sì tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù tí wọ́n máa fi òòlù fọ́ ọ. Ọmọ ẹlòmíì làwọn náà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kíkó ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ wá kàn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ nínú mọ́tò, ẹ dín iná ẹ̀ kù, ẹ fi téèpù bo ẹnu wáyà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tiẹ̀, ẹ kó wọn sínú páálí líle tí wọn ò ti ní máa mì. Ẹ má fi irin kankan sínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bírò ńlá kọ ọ́ sára ẹ̀ pé: BÁTÌRÌ LITHIUM NI, Ẹ MÁ GBÉ ẸRÙ LÉ E, Ẹ MÁ GBÉ E SÍNÚ OÒRÙN. Kí ẹ wá fi ẹnu yín sọ fún dẹ́rẹ́bà. Tó bá ní òun ò gbé e, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Ẹ wá ẹlòmíì, tàbí kẹ́ ẹ lọ gbé e fúnra yín.

Tó bá gbiná pẹ́nrẹ́n, ẹ kọ́kọ́ kó èèyàn kúrò níbẹ̀, èéfín ẹ̀ májèlé ni, ẹ má fà á símú. Omi púpọ̀ ni kẹ́ ẹ dà sí i. Ẹ má fetí sí ẹni tó ní omi ò dáa fún un. Irú bátìrì tá à ń lò yìí, omi tó pọ̀ ló ń mú ooru ẹ̀ wálẹ̀. Yanrìn lè bo ọwọ́ iná, àmọ́ ooru á ṣì wà nísàlẹ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fi yanrìn bò ó, ẹ má sún mọ́ ọn fún wákàtí mélòó kan.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ wa ò pọ̀. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí nǹkan méjì. Èkíní, ẹnikẹ́ni tá a bá háyà láti ya ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí fàájì Òkè Patti, ká ní kó fi ibi tó kó bátìrì ẹ̀ sí hàn wá kó tó wọ mọ́tò tá a kó ọmọ wa sí. Tí kò bá ní, kó wọ ọ̀kadà tiẹ̀. Èkejì, ẹni tó bá fi bátìrì pamọ́ sínú ẹrù ẹlòmíì láìsọ, ká má ṣe pè é ní ọlọ́gbọ́n mọ́. Ká pe orúkọ tó jẹ́: ó fi ẹ̀mí ẹlẹ́mìí ta tẹ́tẹ́.

Mo lọ kí bàbá tó gbé ọ̀rá yẹn jù síta ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ń gbìyànjú láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Kò bú ẹnì kankan. Ó kàn bi mí léèrè pé, "Ọmọ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ra ìkòkò tẹ́ ẹ ní kó rà?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Àbúrò, tó o bá ń ka èyí, o mọ ara ẹ. Lọ ra ìkòkò. Ẹ̀yin yòókù, ẹ pín in fún gbogbo oníkámẹ́rà tẹ́ ẹ bá mọ̀, àti fún dẹ́rẹ́bà tó ń gbé ẹrù yín.